Bí A Ṣe Mú Ọtí Gọ́dọ́nì Tutù

Ní ìlú tí mo ń gbé báyìí, ọmọ ogún ọdún a máa pe bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ní orúkọ, bàbá náà a sì dá a lóhùn, ojú rẹ̀ kò ní yí padà. Èyí yà mí lẹ́nu ju òtútù lọ. Ti òtútù, wọ́n ti sọ fún mi kí n tó kúrò nílé. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé mò ń lọ sí ibi tí kò sí "ẹ" nínú èdè wọn.

Ìlú kékeré ni, ní etíkun àríwá Scotland. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé wọn, ẹyẹ òkun sì wà lórí gbogbo òrùlé. Nílé, bí a bá ń súre fún ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn, a ó ní kí ọ̀nà tutù, kí ibi tó ń lọ tutù. Àwọn ìyá ìjọ súre yìí fún mi ní èbúté Igbókòdá títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáde síta níbí, mo fọwọ́ kan imú mi, n kò sì mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Mo ní àdúrà àwọn ìyá náà ti gbà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ilé iṣẹ́ ẹja ló gbà mí. Lọ́dọ̀ wa ní Awoye, ọkùnrin ló ń pa ẹja, obìnrin ló ń là á, òun ló ń yan án, òun ló ń gbé e lọ sọ́jà. Níbí, ọ̀bẹ ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n dúró nídìí tábìlì irin kan, kí n máa la ẹja tí ẹlòmíràn pa. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Dáre, tó ń kó edé láti Awoye lọ tà ní Igbókòdá, ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí tí àwọn obìnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fi ń bi í pé kí ló dé.

"Àbúrò mi ni," ó ń sọ fún wọn. "Iṣẹ́ ìyàwó ló lọ ṣe ní ìlú òyìnbó. Ìbídùn ì bá wà láyé, à bá ní kó wá gba ọ̀bẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ."

Ìbídùn ni ìyàwó mi. Ó ti ṣaláìsí kí n tó rìnrìn àjò.

Fóònù kì í mú dáadáa ní Awoye, nítorí náà ọjọ́ ọjà ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè mí, láti èbúté. Mo máa ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pe èrò, tí obìnrin kan ń bú ẹni tó gbé ẹrù rẹ̀ sínú omi ìdí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n mi á máa tẹ́tí sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ibẹ̀ dákẹ́ jù," á ní. "Ṣé inú àpótí lo wà ni?"

"Yàrá mi ni."

"Ta lo ní níbẹ̀?"

"Mo níṣẹ́."

"Mi ò bi ọ́ níṣẹ́. Ta lo ní níbẹ̀?"

Kò sí ìgbà tó pè tí kì í béèrè rẹ̀, ìbéèrè yìí ló sì máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ pé owó fóònù ti fẹ́ tán.

Mo ti ní irùngbọ̀n kí n tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́. Òyìnbó tí mo kọ́ nígbà náà ṣì ń ṣiṣẹ́ fún mi: mo lè kà á, mo lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi ṣàwàdà nídìí tábìlì ẹja, ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo wọn bá ti rẹ́rìn-ín tán ni tèmi tó ń dé. Wọ́n á bojú wò mí, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín, èyí kejì sì jẹ́ tèmi nìkan. Kò burú. Èmi náà kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Gọ́dọ́nì ni bàbá tó ń gbé ilé tó kángun sí tèmi. Ògiri kan náà ni ilé wa jọ ní, ọgbà onígi kúkúrú kan ló sì là wá láàárín lẹ́yìn ilé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kí i, mo pè é ní Místà.

"Gọ́dọ́nì ni," ó ní. "Èmi kì í ṣe Místà ẹnikẹ́ni."

Ẹnu mi kò gbà á. Ẹni tó lè bí mi ni. Mo wá dọ́gbọ́n kan: n kò pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ kó wo ọ̀dọ̀ mi, mo máa ń wúkọ́. Ọdún kan kọjá kó tó bi mí bóyá àyà ń dùn mí. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" ni ẹ ó rí. Kì í ṣe ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Òun náà ti sìnkú aya. Jíìnì ni orúkọ ìyá náà. Ó gbin ohun ọ̀gbìn kan tó ń fà bí iṣu sẹ́yìn ilé wọn, tí òdòdó rẹ̀ korò. Họ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń pọn bíà. Lọ́dọọdún, bí òtútù bá mú, Gọ́dọ́nì a fi òdòdó ìyàwó rẹ̀ pọn ọtí. Nígbà tó bá di ọjọ́ ìbí ìyàwó náà, nígbà tí yìnyín ń yọ́, àwọn aládùúgbò a wá mu ún. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin Jíìnì, Gọ́dọ́nì gbé ṣọ́bìrì, ó sì hú họ́ọ̀pù náà tigbòǹgbòtigbòǹgbò.

"Kí ló dé?" mo bi í nígbà tó sọ fún mi.

"Ó ń hù," ó ní. "Kò dá mi lójú pé mo lè máa wò ó kó máa hù."

Ohun tó ṣẹ́ kù ni òdòdó inú ọ̀rá kan, tí Jíìnì fi ọwọ́ ara rẹ̀ já, tó sá, tó fi sínú fìríìjì. Ó tó fún ìkòkò ọtí kan péré. Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, Gọ́dọ́nì kò lè fọwọ́ kàn án. Ọdún kejì, ó múra tán, ó wá yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, apá rẹ̀ ọ̀tún kán.

Ó wá kan ilẹ̀kùn mi, ọwọ́ náà rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn nínú aṣọ.

"Ṣé o ti pọn ọtí rí?"

"Rárá."

"Ṣé o ń mu ún?"

"Ìjọ ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ ẹ. Èmi, díẹ̀."

"Ọwọ́ méjì ni mo fẹ́ yá," ó ní. "Mi ò nílò orí rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá wù ọ́, gbé òun náà dání."

Ọjọ́ Àìkú ni a pọn ọ́n. Ọkà bálì ni a kọ́kọ́ rẹ sínú omi gbígbóná nínú ìkòkò ńlá kan, ọkà tí wọ́n ti mú hù tí wọ́n sì ti gbẹ. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹ̀kọ tí a fi oyin pò. A sẹ́ ẹ, omi rẹ̀ dùn, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí omi odò tó gba inú igbó kọjá. A gbé omi náà padà sórí iná. Nígbà tó hó, Gọ́dọ́nì kò jẹ́ kí n bá òun da họ́ọ̀pù sí i. Ó fi ọwọ́ òsì dà á, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá náà ṣófo, ó yí inú rẹ̀ síta, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ká a, ó fi sínú àpò.

Nígbà tó hó tó bó ṣe fẹ́, ó pa iná.

"Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí," ó ní. "Bó bá ń hó, kò sí ohun tó lè ṣe é. Bó bá tutù, tí ìwúkàrà wọ inú rẹ̀, ó ti ní olúwa. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ ní àárín méjèèjì, ohun gbogbo tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ ló máa wá jókòó sí i. Kíkan ló máa kan."

"Bí ọbẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. A gbọ́dọ̀ mú un tutù kíá."

Ó gbé páìpù bàbà kan jáde, tí wọ́n lọ́ bí ejò tó ká jọ, tí rọ́bà gígùn wà lẹ́nu méjèèjì. Bó ti ń gbé e fún mi ni fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fíónà, tó ń gbé ìlú mìíràn, ni. "Ki bàbà yẹn bọ inú ìkòkò," Gọ́dọ́nì sọ fún mi, "so rọ́bà kan mọ́ ẹ̀rọ omi, kí o ṣí i." Ó bọ́ sí yàrá kejì.

Inú mi dùn. Nǹkan tí mo mọ̀ ló gbé fún mi.

Nínú igbó etí odò lẹ́yìn ìlú wa, àwọn tó ń se ògógóró máa ń gbé ẹmu sórí iná nínú dúrọ́ọ̀mù. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù, páìpù á gba inú ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan tí wọ́n pọn omi tútù kún. Ohun tó bá kán ní ẹnu páìpù lódì kejì ni ọtí. Bí ọmọdé bá mọ nǹkan kan nípa ọtí lọ́dọ̀ wa, ó mọ ìyẹn.

Nítorí náà mo ki bàbà bọ inú ìkòkò. Mo so rọ́bà kan mọ́ ẹ̀rọ. Rọ́bà kejì, mo mú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ti fi oògùn fọ̀ fún ọtí náà, mo gbé e sí ẹnu rẹ̀, mo ṣí omi. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ó gbóná, ó ń rú èéfín. Mo ń wò ó. Nígbà tó kún dé ibi tó yẹ, mo pa ẹ̀rọ, mo fi ṣíbí bù ú tọ́ wò. Kò ní adùn, kò korò. Mo ní bóyá bí ti òyìnbó ṣe ń rí nìyẹn títí ìwúkàrà yóò fi wọ inú rẹ̀.

Gọ́dọ́nì dé. Ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó wo ìkòkò tó ṣì kún.

"Kí nìyẹn?"

"Ọtí yín ni."

"Ọtí wo?"

"Èyí tó gba páìpù jáde."

Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó tọ́ ọ wò, ó ronú.

"Omi ẹ̀rọ ni," ó ní.

"Mo rí i pé ó fúyẹ́."

Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó fi ọwọ́ òsì di apá tó kán mú. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí òun rẹ́rìn-ín, egungun ń dun òun. Mo ṣàlàyé ògógóró fún un, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n pọn omi sí, ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá.

"Lọ́dọ̀ yín," ó ní nígbà tó rí èémí, "ọtí ń bẹ nínú páìpù, omi ń bẹ lóde. Lọ́dọ̀ wa, omi ló ń bẹ nínú páìpù."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Ta ni n bá ti sọ irú ẹ̀ fún rí?"

Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní ìlú yìí tí ẹ̀rín tèmi kò gbẹ̀yìn.

Ó wá dìde, ó fọwọ́ kan ara ìkòkò, ẹ̀rín sì tán lójú rẹ̀. Omi inú rẹ̀ ti kúrò ní gbígbóná tó lè dáàbò bo ara rẹ̀, kò sì tíì tutù. Àárín méjèèjì gan-an ló wà. Mo sáré láti tún ẹ̀rọ ṣí. Mo fi agbára fa rọ́bà kó lè dè dáadáa, ọwọ́ tó ti fa àwọ̀n láti kékeré kò mọ ìwọ̀n. Rọ́bà náà ti gbó. Ó ya láti ẹnu títí dé ìdajì.

Ilé ìtajà gbogbo ti tì. Gọ́dọ́nì dúró, ó ń wo rọ́bà.

"Kò sí òmíràn," ó ní. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò tó fi ọ̀rá òfìfo sí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe rọ́bà ló ń sọ.

Mo wúkọ́. "Ọpọ́n ìwẹ̀ yín ńkọ́?"

"Gbé ìkòkò," ó ní. Ó ti ń lọ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀.

Mo dé ìkòkò náà, mo gbé e, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọpọ́n ìwẹ̀. Gọ́dọ́nì ṣí omi tútù sí i yíká. Ó jáde síta pẹ̀lú páànù kan, ó ń fi ọwọ́ kan bu yìnyín wá, ó ń dà á sínú omi, ó ń padà lọ. Mo fi ọwọ́ kan omi tó súnmọ́ ìkòkò. Ó ti gbóná. Ó gba ooru sára, ó sì jókòó tì í, kò lọ síbì kankan.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Ìbídùn, bí ẹni pé ó wà lórí pákó ẹ̀yìn ilé wa.

Ilé wa ní Awoye, orí òpó ló wà, omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Omi òjò là ń mu, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, tí omi inú ìkòkò di èyí tó pẹ́, a ó sè é. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ń sunkún omi, tí omi ṣì gbóná, Ìbídùn a dé ìkòkò, a fi okùn dè é, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú odò lábẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi tó dúró. A máa dúró de ìgbà tí omi bá ń fà padà sí òkun. Ìgbà kan mo ń kánjú, mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jàre. Ó ní, "Omi tó dúró á bá a jókòó ni. Jẹ́ kí omi gbé e lọ."

Mo di etí ìkòkò méjèèjì mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, sọ́tùn-ún, sósì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí omi lè máa rìn yí i ká. Mo ní kí Gọ́dọ́nì yọ ohun tó dí ìdí ọpọ́n díẹ̀, kí èyí tó gbóná máa lọ bí tútù ti ń wọlé. Ó yọ ọ́. Ó jókòó sí etí ọpọ́n, ó ń da yìnyín. Omi ń lọ.

"Ta ló kọ́ ọ?" ó bi mí.

"Ìyàwó mi."

Ó da yìnyín sí i. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo dé ìlú yìí, mo ṣiṣẹ́, mo san owó ilé, mo ra bàtà òtútù, ẹnikẹ́ni kò bi mí. Mo sọ orúkọ náà. Ó gbìyànjú rẹ̀, ó gbé e gba ibòmíràn, mo tún un sọ, ó tún gbìyànjú. Mo sọ fún un pé òkun ti gba ibi tí ilé wa wà. Ibi tí a sin ín sí náà ti wà lábẹ́ omi. Kò sọ pé ó ṣe òun láàánú. Ó ń da yìnyín, èmi ń yí ìkòkò.

Nígbà tó ki irin tó ń wọn ooru bọ inú rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó sì mi orí. Ó ti tutù. Ó da omi ẹ̀rọ mi nù, ó tún bọ́kẹ́ẹ̀tì fọ̀. Ó ní kí n da ọtí náà sínú rẹ̀ láti òkè, kó lè mí. Lẹ́yìn náà ó da ìwúkàrà sí i. A dé e. Ó ní a ti ṣe ohun tí a lè ṣe, a kò sì ní mọ̀ bóyá ó bàjẹ́ títí ọjọ́ tí a bá ṣí i.

Ní àárọ̀ kan, ó fi ìkúùkù gbá ògiri tó wà láàárín wa. Mo sáré lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń dún, ó ń tú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹja tó yọjú sókè. Òórùn rẹ̀ mú mi dúró. Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ láti fi ṣe púpurú, oúnjẹ ilẹ̀ wa, lẹ́yìn ilé ìyá mi ni. N kò mọ̀ pé ó lè wà níbí. Nígbà tó yá, a dà á sínú ìgò, a kó o sínú òkùnkùn.

Mo sọ fún Ìyá Dáre nígbà tó pè.

"Ọtí kẹ̀?" ó ní. "O fi òkun nílé, o lọ di apọntí."

"Ti bàbá aládùúgbò mi ni. Ìyàwó rẹ̀ ló ni òdòdó inú rẹ̀. Ó ti kú."

"Ó dára," ó ní. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó kan." Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ọtí kan ẹnu rí láyé rẹ̀.

Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn kì í ní ibì kan àfi ibi tí àwọn òkú rẹ̀ bá wà. Òkun ti kó àwọn tèmi, nítorí náà mo rò pé n kò ní ibì kankan mọ́. N kò rò ó bẹ́ẹ̀ mọ́, n kò sì lè sọ ọjọ́ tí mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ ìbí Jíìnì bọ́ sí ọjọ́ tí oòrùn ràn díẹ̀. Mo yan ẹja fúnra mi lẹ́yìn ilé, mo fi ata sí i, mo gbé e lọ. Ilé Gọ́dọ́nì kún. Fíónà wá láti ìlú rẹ̀. Àwọn tí mo ti ń rí lójú pópó tí n kò mọ orúkọ wọn jókòó sórí àga, sórí àtẹ̀gùn. Apá Gọ́dọ́nì ti sàn. Ó ṣí ìgò àkọ́kọ́, ó dà á sínú ife. Ó mọ́ gaara. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, kò mu ún, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀.

Gbogbo ilé yíjú sí i. Fíónà mu díẹ̀. Ó tún mu. Omi kún ojú rẹ̀.

"Ti Mọ́mì ni," ó ní.

Gọ́dọ́nì gba ife náà padà, ó mu, ó jókòó. Ó pẹ́ kó tó gbé e sókè. "Jíìnì," ó ní. Ó wá yíjú sí mi. "Ìbídùn." Ó tún gbé e gba ibòmíràn. N kò tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ariwo padà dé. Wọ́n ń jẹ ẹja mi, wọ́n ń mu omi nítorí ata. Gọ́dọ́nì ń sọ ìtàn páìpù fún wọn, ó ti fi nǹkan kún un, ó ní mo mu ife méjì. Àárín ẹ̀rín náà ni fóònù mi dún.

"Ẹ n lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n."

Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe èrò Awoye. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ́tí.

"Ariwo kí nìyẹn?"

"Ènìyàn ni."

"Níbo?"

"Ọ̀dọ̀ mi níbí."

"Ọtí yẹn ńkọ́?"

"Kò kan."

Mo dúró de ìbéèrè rẹ̀, èyí tó máa ń fi parí ọ̀rọ̀. Kò béèrè rẹ̀.

"Ẹ kú ìnáwó o," ó ní. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Èmi ni àbíkẹ́yìn ìyá wa, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo dàgbà sí. Láti ọjọ́ tí a ti bí mi, kò pè mí ní "ẹ" rí. Mo wo inú ilé náà, mo wo gbogbo wọn.

"A ti jẹun," mo ní.